Inositol kì í ṣe Oògùn Ọmọ: Àlàyé lórí Àfikún Oúnjẹ Kan láti Adéníji Adélé

Láti Adéníji Adélé, òpópónà tí a fi orúkọ ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ Èkó láàárín 1949 sí 1964 pè, ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn dé Ìdúmọ̀tà, ọjà tí a ti ń ta oògùn òyìnbó lọ́pọ̀ yanturu. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, tí ó sì ń wá ọmọ, lè bá inositol pàdé ní irú ọjà bẹ́ẹ̀: ìyẹ̀fun funfun tí ó dùn díẹ̀, tí a ń pò mọ́ omi mu. Ojú àgúnmu ni yóò fi wò ó. Bí ẹni tí ó tà á bá sì pè é ní 'oògùn ọmọ', orúkọ náà ti ṣèlérí ohun tí ìyẹ̀fun náà kò lè dá ṣe. Ìṣòro ìsọlórúkọ yìí, tí ó lè gba owó àti àsìkò lọ́wọ́ obìnrin, ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Johann Joseph Scherer, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ yọ inositol jáde láti inú iṣan ẹran ní 1850. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún iṣan ni orúkọ náà ti wá. Ìbátan ṣúgà ni. Àwọn kan ti pè é ní fítámì B8 rí, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò bá a mu, nítorí pé ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ń ṣe é láti ara gílúkóòsì, pàápàá jù lọ nínú kíndìnrín. Ó wà nínú ọsàn. Ó wà nínú ẹ̀wà àti àgbàdo pẹ̀lú, àmọ́ púpọ̀ nínú èyí tí ó wà níbẹ̀ so mọ́ fọ́sífétì mẹ́fà, kò sì rọrùn fún ikùn láti tú u. (Rírẹ tí a ń rẹ àgbàdo títí yóò fi kan kí ó tó di ògì máa ń tú díẹ̀ nínú ìdè náà, àwọn ìyá tí ń ṣe ògì lè má mọ fọ́sífétì, iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n.)

Ìlànà ilé ọlọ́lá ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè mú iṣẹ́ rẹ̀ yéni. Ońṣẹ́ tí ó dé iga kì í wọlé tààrà tọ olóyè lọ. Ẹnu ọ̀nà ni yóò ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ará inú ilé ni yóò sì gbé ọ̀rọ̀ náà wọ yàrá. Ínsúlíìnì ni ońṣẹ́ ẹnu ọ̀nà: ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó gba ṣúgà wọlé. Àwọn èròjà tí ara fi inositol ṣe wà lára àwọn tí ń gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Bí ọ̀rọ̀ kò bá dé yàrá, ara yóò máa rán ońṣẹ́ kún ońṣẹ́. Ínsúlíìnì yóò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àpọ̀jù rẹ̀ a sì máa mú kí ilé-ẹyin ṣe họ́mọ̀nù akọ ju bó ti yẹ lọ.

Èyí wọ́pọ̀ nínú àìsàn PCOS, tí ó ń ṣe nǹkan bí obìnrin 10 sí 13 nínú 100 tí ọjọ́ orí wọn tó ti ọmọ bíbí. Nǹkan oṣù kì í dé déédéé. Irun lè hù ní àgbọ̀n. Oyún lè pẹ́ kí ó tó dé. Ìwọ̀n tí a sábà ń lò ni gíráàmù 4 myo-inositol lójúmọ́, ní ìdajì àárọ̀ àti ìdajì alẹ́. Àwọn mìíràn a máa da D-chiro-inositol pọ̀ mọ́ ọn, 40 sí 1. Àwọn ìwádìí kan fi hàn pé ó lè mú ínsúlíìnì wálẹ̀, kí nǹkan oṣù sì máa dé déédéé. Àmọ́ ìlànà àgbáyé lórí PCOS tí ó jáde ní 2023 ṣọ́ra: ó ní a lè gbé e yẹ̀ wò nítorí pé ewu rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó ń mú ẹyin jáde, tàbí pé ó ń dín irun àti ìsanra kù, kò pọ̀. Àgbéyẹ̀wò Cochrane ti 2018 náà kò rí ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń mú kí a bí ọmọ. Àwọn kan tún ń lò ó fún ìpayà òjijì, ní ìwọ̀n tí ó tó gíráàmù 12 lójúmọ́. Àwọn ìwádìí ibẹ̀ kéré, ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sì lè da inú rú.

'Àfikún oúnjẹ' ni orúkọ tí ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Àsèjẹ ìbá bá a mu, bí kò ṣe pé àsèjẹ pẹ̀lú kì í sábà wá láìsí ìlérí. Ibi tí 'oògùn ọmọ' ti ń ṣọṣẹ́ ni pé PCOS kì í ṣe ohun kan ṣoṣo tí ń dá oyún dúró. Inositol kò lè la ọ̀nà ẹyin tí ó dí, kò sì lè ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ ọkọ. Tọkọtaya tí ó ti ń wá ọmọ fún ọdún kan, tàbí oṣù 6 bí ìyàwó bá ti pé ọdún 35, àyẹ̀wò ni ó kàn wọ́n. Lagos Island Maternity Hospital kò sì jìnnà sí Adéníji. Ẹni tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ní láti sọ fún dókítà kí ó tó fi inositol kún un, kí ṣúgà rẹ̀ má baà wálẹ̀ jù. Ní oṣù kejì 2025 ni NAFDAC ti àwọn ìsọ̀ oògùn Ìdúmọ̀tà pa nítorí ayédèrú oògùn. Nọ́ńbà NAFDAC ni ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ wò lára ike, kí ó tó ka ohunkóhun tí a kọ nípa ọmọ síbẹ̀.