Ẹ Wá Ibi tí Éèsì Ọkọ̀ Ti Ń Jò Kí Ẹ Tó Rọ Gáàsì

Àwọn awakọ̀ tó ń gba Malu Road láti Ajégúnlẹ̀ lọ sí Àpápá mọ bí ooru ṣe ń mú nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá wọn dúró sáàárín àwọn ọkọ̀ àjàgbé. Bí éèsì kò bá tutù mọ́, gáàsì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré lọ rọ. Bí gáàsì náà bá tún tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, owó ti ṣòfò nìyẹn, nítorí kì í jó tán bí epo bẹntiróò. Ó ń jò níbì kan ni.

Omi tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ kọ́ ni jíjò yìí o. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló di omi. Oríkèé páìpù tí òróró àti eruku bá lẹ̀ mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí oníṣẹ́ fi ìfófò ọṣẹ pa á nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Lọ́pọ̀ ìgbà, róbà roboto kékeré ibẹ̀ ló ti gbó, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀mpúrẹ́sọ̀.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ó gbọ́dọ̀ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde tán kí ó tó rọ gáàsì. Irú gáàsì àti ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń wà lára àkọlé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì; R134a ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ṣe lẹ́yìn 1994 ń lò. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi gáàsì ìdáná rọ́pò rẹ̀ torí pé kò wọ́n: ó lè gbiná.