Ọba Tó Kó Aago Jọ sí Kumasi

Aago orí tábìlì olójú méjì máa ń wu àwọn tó ń ṣa nǹkan àtijọ́ jọ. Ojú kan kọ sí ẹni tó ni tábìlì, èkejì kọ sí àlejò, àwọn méjèèjì sì jọ ń rí i bí àkókò ṣe ń lọ. Ní Ghana, àṣà kíkó aago jọ ti wà kí Accra tó di olú-ìlú. Ọdún 1877 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ìjọba kúrò ní Cape Coast wá sí Accra. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni ọmọ-ogun wọn tó ń bá Asante jà já wọ ilé kan ní Kumasi, olú-ìlú Asante, tí wọ́n sì bá aago níbẹ̀.

Aban ni wọ́n ń pe ilé náà, orúkọ tí èdè Twi fi ń pe ilé olódi tí òyìnbó kọ́ sétí òkun. Asantehene (ọba Asante) Osei Bonsu ló fi òkúta kọ́ ọ, ó sì parí ní 1822.

Ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú lè fi èrò ọba hàn. Ní 1817, ilé-iṣẹ́ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ní Cape Coast rán Thomas Edward Bowdich sí Kumasi láti bá ọba ṣe àdéhùn. Ọba fún un ní sankuo kékeré, ohun èlò orin olókùn tí wọ́n fi wúrà rọ. British Museum ni sankuo náà gúnlẹ̀ sí. Ọba tó fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà rẹ̀ hàn òyìnbó báyìí, tó tún kọ́lé fún iṣẹ́ ọwọ́ òyìnbó lọ́dún márùn-ún lẹ́yìn náà, mọ ohun tó ń ṣe dáadáa.

Winwood Reade, akọ̀ròyìn The Times, gun òkè ilé náà ní February 1874. Ó ní ṣe ló dà bí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun àtijọ́. Ìwé ní oríṣiríṣi èdè, dígí Bohemia, aago, àwo fàdákà, ẹní Páṣíà, idà tí Ọbabìnrin Victoria fi ránṣẹ́, àní ìwé ìròyìn The Times ti October 17, 1843, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ní February 6, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀tù fọ́ Aban, wọ́n sì dáná sun ìlú. Ní Cape Coast, wọ́n lu ẹrù ààfin ní gbàǹjo. Ó dunni wọra.

Ní 2024, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Asante 32 padà láti London sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin Manhyia ní Kumasi. Sankuo Bowdich wà lára wọn. Yíyá ni wọ́n yá wọn, fún ọdún mẹ́ta.