Q Tí Kò Ní U: Bí A Ṣe Ń Wá Ọ̀rọ̀ Nínú Lẹ́tà

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ń gbé ní Agége pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ náà wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ta Scrabble nílé ìwé wọn. Ó ti há QAID, QOPH, FAQIR àti QANAT sórí, kò sì mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan nínú wọn. WAEC sì ti ń kanlẹ̀kùn. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yìí ń kọ́ ni àbí ó kàn ń ṣeré? Ṣé kí n gba pátákó yẹn lọ́wọ́ ẹ̀?”

Ìbéèrè gidi ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èèyàn lè mọ ọ̀rọ̀ láìgbọ́ èdè. Lọ́dún 2015, Nigel Richards, ọmọ New Zealand, gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé Scrabble ti àwọn elédè Faransé ní Belgium, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ Faransé. Bí lẹ́tà ṣe tò tẹ̀léra ló há sórí. Ṣùgbọ́n irú orí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ayé. Àwa yòókù nílò láti mọ bí èdè ṣe ń hun ọ̀rọ̀.

Lóṣù kọkànlá ọdún 2015 kan náà, ní Perth ní Ọsirélíà, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, na Lewis Mackay ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 4 sí 0, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tó fi kádìí ẹ̀ ni FELTY. Ẹ wò ó dáadáa: FELT ni, a wá so Y mọ́ ọn nídìí. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn àfòmọ́ ìparí. Yorùbá kò ní in. Láti ara “kọ́” ni a ti rí ẹ̀kọ́, olùkọ́, kíkọ́ àti àìkọ́, iwájú sì ni gbogbo àfikún wọ̀nyẹn bọ́ sí. Ojú ọmọ Yorùbá tó bá ń wá ọ̀rọ̀ máa ń fẹ́ sáré lọ síwájú, nígbà tí ohun tó ń wá wà lẹ́yìn.

Nítorí náà, bí ó bá ní A, E, I, N, R, S, T lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ fa ìdí ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ó fa S sẹ́gbẹ̀ẹ́: ó ku RETAIN àti RETINA, ó ti ní RETAINS àti RETINAS nìyẹn. Ó fa ER sẹ́gbẹ̀ẹ́: ó rí STAIN, ó di STAINER. Bó bá wá rántí pé Y inú NASTY ń di I kí ER tó lẹ̀ mọ́ ọn, NASTIER dé. Ẹni tó bá lo lẹ́tà méjèèje lẹ́ẹ̀kan gba àádọ́ta máàkì lọ́fẹ̀ẹ́. Gírámà lásán ni, èyí tí a kọ́ wọn ní kíláàsì tí wọ́n ń sùn.

Ti Q ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí Q wà nínú ẹ̀ láìsí U kì í sábà jẹ́ ọmọ onílé nínú Gẹ̀ẹ́sì, àlejò ni. QI wá láti Ṣáínà. QOPH jẹ́ lẹ́tà kan nínú álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù jẹ́ ti Lárúbáwá. (QWERTY yàtọ̀, lẹ́tà mẹ́fà tó ṣáájú lórí taipíráítà ni.) Ẹni tó bá lọ ilé kéú mọ ìró yìí: òun ni a sọ di k nínú Àlùkùránì. QADI, adájọ́, sì ni ọ̀rọ̀ tí Hausa gbà tó fi di alkali, tí àwa náà ń pè ní àlùkálì. Ọmọ Agége tí kò tíì gbọ́ àlùkálì rí, mi ò mọ ibi tó ń gbé! Ó ti ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu tipẹ́, kò kàn mọ̀ pé òun ló wà lọ́wọ́ òun ni. Ohun tí mo sọ fún ìyá ẹ̀ nìyẹn: ẹ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ra ìwé kékeré kan fún un, kó máa kọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá àti ìtumọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Bí ìdánwò bá ku oṣù kan, ẹ gba pátákó.

OBA náà wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìdíje, wọ́n ti gé àmì ìdí ọ rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí OKE tàn yín o, ìwọ̀n àwọn ará Tọ́kì ni, kì í ṣe òkè.

Ní Òrégùn níbi tí mò ń gbé, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan máa ń ta á lábẹ́ igi lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Yorùbá ni wọ́n fi ń jà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tò. Ọ̀kan bi mí pé, “Bàbá, kí ló dé tí kò sí tiwa?” Alfred Butts, ará Amẹ́ríkà tó dá eré yìí sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, jókòó ka lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn kó tó mọ iye tí yóò ṣe. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹyọ tó wà nínú àpò Gẹ̀ẹ́sì, fáwẹ̀lì jẹ́ 42. Ìyẹn kò lè tó wa. Nínú Yorùbá, bí a bá yọ n àránmúpè àti kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù kúrò, kò sí kọ́ńsónáǹtì tí fáwẹ̀lì kì í tẹ̀ lé, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ sì tún ń fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀: ilé, ọjà, ẹyẹ. Fáwẹ̀lì gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ. Gb yóò jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, bí àwọn ará Wales ṣe ṣe LL àti DD tiwọn. Àmì ohùn ló le. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Èrò tèmi ni pé kí a má kọ ohùn sára ẹyọ, àmọ́ kí ẹni tó tò ó pè é síta, kó sì sọ èyí tó ní lọ́kàn.

Kíkà ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ bá ráyè, ẹ mú ojú-ìwé kan nínú Aláròyé, ẹ ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ ka gb sí ẹyọ kan, ẹ ya ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára e, ọ kúrò lára o àti ṣ kúrò lára s, ẹ fi àmì ohùn sílẹ̀, kí ẹ wá fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.