Igi Tí Ọmọ Òrukàn Gbìn

Ìbéèrè kan ti dé ọ̀dọ̀ wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: kí ló kan ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ọmọ òrukàn nínú igi gbígbìn? Ṣé owó sàká la fi ń ra igi ni?

Kì í ṣe owó sàká. Ọlọ́hun ti ka àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí nínú Súrà At-Tawbah, igi kò sí níbẹ̀. Sàká tí ẹ yọ ń lọ sí oúnjẹ, owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú ara àwọn òrukàn tí wọ́n jẹ́ aláìní. Sàárà tí àwọn kan dìídì mú wá fún igi la fi ń ra igi, ìwé ọ̀tọ̀ la sì ń kọ ọ́ sí.

Ní ti ohun tó kàn wá, ẹ wo ibi tí àwọn ọmọ wa ń gbé. Àwọn àgbà sọ pé ara igi iṣin ni orúkọ Muṣin ti wá. Ọmọ Muṣin mélòó ló mọ iṣin lónìí? Nígbà tí a mú èso rẹ̀ wá sí ilé kéwú, ẹnì kan ṣoṣo ló dá a mọ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ ló fi hàn án ní abúlé. (A kìlọ̀ fún wọn pé èyí tí kò bá tíì la ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi, májèlé ni.) Wọ́n kó igi yìí láti ilẹ̀ wa lọ sí Jàmáíkà láyé òwò ẹrú, ó ti di èso orílẹ̀-èdè wọn.

Ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ ló gba ilẹ̀, wọ́n fi kọnkéré bo èyí tó kù. Kọnkéré a máa gba oòrùn sára láti àárọ̀, a sì máa tú ooru rẹ̀ jáde lóru, tí àwọn ọmọ kò fi ní rí oorun sùn. Òjò kò rí ilẹ̀ wọ̀, inú ilé ló ń yà sí. Ọ̀pọ̀ wa kò tíì gbàgbé òjò ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011 tó mú ẹ̀mí lọ ní Èkó.

Igi a máa ṣíji bo ilẹ̀. Omi tí gbòǹgbò rẹ̀ fà ń gba ara ewé jáde, ó ń mú afẹ́fẹ́ tutù; gbòǹgbò náà a sì máa la ọ̀nà fún òjò láti wọlẹ̀. Ó tún ń fa kábọ́ọ̀nù inú èéfín mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ wa, èyí tó ń mú ayé gbóná, sínú ara rẹ̀. Àmọ́ kí a má purọ́ fún ọmọdé: igi mélòó kan ní Muṣin kò lè dá ooru ayé dúró. Ó lè mú kí ojúlé kan tutù, kí ọmọ kan sì mọ̀ pé ọwọ́ òun náà tó nǹkan.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ igi gbígbìn ní 2008, ọjọ́ 14 oṣù keje lọ́dọọdún. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ làwa náà fi bẹ̀rẹ̀. A pín ọmọ igi ogún, a ya fọ́tò, a ṣe àdúà, kálukú gba ilé lọ. Nígbà tí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀, mẹ́ta péré ló kù. Ewúrẹ́ jẹ òmíràn. Onílé kan ní kí wọ́n hú ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ nítorí pé gbòǹgbò máńgòrò yóò la ògiri òun. Èyí tó pọ̀ jù kò rí omi mu. Ẹ̀bi wa ni.

Wangari Maathai, obìnrin ará Kẹ́ńyà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004, ti mọ èyí ṣáájú wa. Nínú ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1977, igi tó bá yè ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fún àwọn obìnrin lówó díẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn gbìn. Ìtàn rẹ̀ ló mú kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní Jámánì, Felix Finkbeiner, gbé ọ̀rọ̀ igi kalẹ̀ níwájú kíláàsì rẹ̀ ní 2007. Ní 2011, ó ti ń sọ ọ́ níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Nítorí náà a yí ọwọ́ padà. Ọgbà ilé kéwú àti ti mọ́ṣáláṣí la ń gbìn sí báyìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí gbòǹgbò lè múlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ọmọ méjì ló ni igi kan. A gbé bẹ́sìn sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, omi rẹ̀ ni wọ́n fi ń bomi rin ín. Fúrúùtù ni wọ́n yàn jù, torí pé wọ́n ń ṣa èso rẹ̀ jẹ.

Ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni ìbéèrè ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ó ní: "Aáfà, tí mo bá gbin tèmi fún bàbá mi, tí ẹyẹ wá jẹ ẹ́, ṣé láádá rẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wọn?" A ṣàlàyé hádíìsì fún un, pé ohun tí mùsùlùmí bá gbìn, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko jẹ níbẹ̀, sàárà ni fún un. A tún sọ ìtàn Sa'd ọmọ Ubādah, tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò sí nílé. Ó bi Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá sàárà òun lè ṣe ìyá òun láǹfààní. Ànábì ní bẹ́ẹ̀ ni, Sa'd sì fi ọgbà rẹ̀ ṣe sàárà fún ìyá náà. Ọmọ yìí kò sọ nǹkan kan mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń rán an létí omi.

Ẹni tó bá ní àyè nínú ọgbà rẹ̀ ní Sùúrùlérè, Yábà tàbí Muṣin, tí onílé sì gbà, kí ó rí akọ̀wé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àyè la nílò ju owó lọ.