Ta ló ń kéde ìbò Amẹ́ríkà?

Bí ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà bá ti ń súnmọ́, ọjà Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta náà a gbóná sí i. Obìnrin tó ń wọn gàrí á máa tẹ́tí sí rédíò. Ọlọ́kadà tó ń retí èrò nítòsí ojú irin á máa gbọ́ ohùn tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti Houston. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe á ti pín sí méjì, àwọn kan lẹ́yìn olùdíje kan, àwọn yòókù lẹ́yìn ẹni tó ń bá a dupò. Àwọn àgbà kan a máa bi wọ́n pé kí ló kàn wọ́n níbẹ̀. Ó kàn wọ́n. Owó dọ́là ló ń sọ iye tí a máa ra gíláàsì fóònù tó fọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dín físà àbẹ̀wò ọmọ Nàìjíríà kù sí wíwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ físà ọlọ́dún púpọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń lọ wẹ ọmọ tuntun fún àwọn ọmọ wọn lọ́hùn-ún tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ìpinnu Washington lè dá dúró ní pápákọ̀ òfurufú ní ẹ̀tọ́ láti mọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹni tó ń ṣe ìpinnu náà.

Ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi mí jù: ta ni INEC Amẹ́ríkà? Ta ló ń jókòó síwájú kámẹ́rà, tó ń ka iye ìbò ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ń mọ́, tó sì ń sọ pé lágbájá ló wọlé?

Kò sí. Àjọ kan wà ní Washington tí wọ́n ń pè ní FEC, ṣùgbọ́n owó tí àwọn olùdíje ń ná ni ìyẹn ń ṣọ́, kì í ka ìbò ẹnikẹ́ni. Ìpínlẹ̀ 50 ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin ìbò tirẹ̀. Abẹ́ ìpínlẹ̀ ni àwọn káúntì wà, tó súnmọ́ ohun tí àwa ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n lé ní 3,000, ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ náà sì wà níbi tó pọ̀ jù: àwọn ló ń pèsè ìwé ìbò, àwọn ló ń gba òṣìṣẹ́, àwọn ló ń kà á. Ní North Dakota, kò sí fíforúkọ sílẹ̀ rárá. Ọmọ Amẹ́ríkà tó bá ti pé ọdún 18, tó sì fi hàn pé ará ibẹ̀ ni òun, á dìbò. Ní Oregon, ilé olùdìbò ni wọ́n ń fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sí. Níbòmíràn wọn á ní kí o mú káàdì tó ní àwòrán rẹ wá. Ní California, ọ̀pọ̀ olùdìbò kì í fi káàdì kankan han ẹnikẹ́ni.

Èyí tí a ń gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ ìbò pé lágbájá ti wọlé, ilé-iṣẹ́ ìròyìn ló ń sọ ọ́. Associated Press ti ń ṣa èsì ìbò jọ káàkiri ibẹ̀ láti 1848. Ti ìjọba gan-an á falẹ̀ tẹ̀ lé e: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á fọwọ́ sí tirẹ̀, àwọn aṣojú tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàn á dìbò ní oṣù Kejìlá, àwọn aṣòfin á sì kà á ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní. Ọjọ́ náà ni àwọn jàǹdùkú já wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 2021.

Ará Abẹ́òkúta ló yẹ kí èyí kọ́kọ́ yé. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá sá wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, ìlú tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ló kó ara wọn wá, wọn kò sì torí ogun pa orúkọ wọn rẹ́. Aké dó, Ìjemọ̀ dó, Ìkìjà dó. Òwu dé lẹ́yìn wọn, òun náà dó sí tirẹ̀. Odi kan ló yí gbogbo wọn ká, síbẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan ní Ògbóni tirẹ̀ tó ń dájọ́, ó sì ní ológun tirẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n lò níbẹ̀ kí wọ́n tó fi Òkúkẹnù jẹ Aláké ní 1854. Títí di òní, ọba Ẹ̀gbá mẹ́rin la ní: Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, Àgùrá Gbágùrá àti Olówu. Àlejò tó bá sọ̀ kalẹ̀ á rò pé ìlú kan ni Abẹ́òkúta. Ọmọ ibẹ̀ mọ̀ pé àdéhùn ni.

Àdéhùn náà ni Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ 13 ló kọ́kọ́ para pọ̀, ẹ̀rù sì ń ba àwọn kéékèèké pé àwọn ńlá á gbé àwọn mì. Ìdí nìyẹn tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ní sẹ́nẹ́tọ̀ méjì, ìbáà kún, ìbáà má kún. Ilé kejì, tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 435, ni wọ́n ń fi iye ènìyàn pín. Tí wọ́n bá fẹ́ yan ààrẹ, wọ́n á da iye méjèèjì pọ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi mẹ́ta kún un fún ìlú Washington, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ aṣojú 538. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní 270 ló jẹ ààrẹ. Ní ìpínlẹ̀ 48, ẹni tó bá fi ìbò kan péré borí ló ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Maine àti Nebraska nìkan ló ń pín in.

Ibí yìí ni èmi àti wọn ti yà. California ní ènìyàn bíi mílíọ̀nù 39, ó sì ní 54. Wyoming ò tó 600,000, ó ní 3. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹyọ kan ní Wyoming dúró fún nǹkan bí 200,000 ènìyàn, ní California ó dúró fún èyí tó lé ní 700,000. Ní 2016, Hillary Clinton fi ìbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta ju Trump lọ káàkiri Amẹ́ríkà, Trump ló sì wọlé. Ní 2000, ìbò 537 ní Florida nìkan ló gbé Bush wọlé, bẹ́ẹ̀ Gore ló ní ìbò tó pọ̀ jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Mo gbà kí ìlú kékeré ní ohùn ní ìgbìmọ̀. N kò gbà kí ìbò ọmọ rẹ̀ wúwo ju ti ọmọ ẹlòmíràn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká pè é ní àlọ́. Òfin tiwa náà kò fi ọ̀pọ̀ ìbò nìkan jẹ ààrẹ: ẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ní 1979, ìpínlẹ̀ 19 la ní. Shagari rí iye yẹn nínú 12. Ìbò rẹ̀ ní Kano, tí ì bá ṣe ìkẹtàlá, kò tó. Awólọ́wọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dá Shagari láre ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án pé méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ti tó. Ẹni tó ti gbọ́njú nígbà náà ṣì ń bínú sí ìdá méjì nínú mẹ́ta yẹn. Tí ọ̀ràn Florida bá ń rú irú àgbà bẹ́ẹ̀ lójú, Kano ni kó fi wò ó.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1859, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú méjì tó ti Amẹ́ríkà wá, Martin Delany àti Robert Campbell, bá Òkúkẹnù àti àwọn ìjòyè tọwọ́ bọ̀wé. Samuel Àjàyí Crowther àti ọmọ rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ọdún méjì ṣáájú, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, àwọn méjèèjì sì ń wá ibi tí àwọn ènìyàn wọn lè forí lé. Àwọn Ẹ̀gbá ní kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n dó sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbé. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi àṣà ara wọn parí ẹjọ́ ara wọn, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún òfin Ẹ̀gbá. Bí ẹjọ́ bá da àlejò àti onílé pọ̀, kí ìhà méjèèjì mú iye ènìyàn kan náà wá láti parí rẹ̀. Ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe fi ohun tí wọ́n mọ̀ gba àjèjì: ẹ wá, ẹ mú ilé yín dání. Àdéhùn náà kò rìn jìnnà. Àwọn míṣọ́nnárì kan takò ó, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1861, Delany sì di mejọ̀ nínú ọmọ ogun ìjọba ní 1865. Campbell padà wá sí Èkó, ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1863.

Mo mọ ohun tí wọ́n lè fi dá mi lóhùn: agbára tó wà nítòsí ilé lè roro ju ti òkèèrè lọ. Òótọ́ ni. Ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ káúntì gan-an ló dènà aláwọ̀ dúdú fún ìran púpọ̀. Wọ́n á ní kó ka òfin kó túmọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní kó san owó kó tó dìbò. Òfin tí Washington ṣe ní 1965 ló já ìlẹ̀kùn yẹn. Nílé níbí, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ Aláké Adémọ́lá Kejì di aláṣẹ kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn obìnrin ọlọ́jà ń san owó orí, wọn kò sì ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún wọn ní ìgbìmọ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn jọ, láti 1947 wọ́n ya bo ẹnu ọ̀nà ààfin, ọba sì kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1949 kó tó padà ní 1950. Kò sí ẹnì kan láti òkè tó wá gba ìjà yẹn jà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló kù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ́jà gbà pé orí fóònù ni Amẹ́ríkà ti ń dìbò. Ìwé ni o, fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Olùdìbò á fi bírò kun àmì róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, á kì í bọnu ẹ̀rọ tó ń kà á, ìwé náà á sì já sínú àpótí títì. Òfin ní kí wọ́n tọ́jú ìwé ìbò bẹ́ẹ̀ fún oṣù 22. Lẹ́yìn wàhálà Florida, àwọn ìpínlẹ̀ kan sáré ra ẹ̀rọ tí kò ní ìwé rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti padà sí ìwé, torí bí àríyànjiyàn bá dé, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ tún kà.

Ìwé náà ló dára jù nínú ìbò tiwa. Bí wọ́n bá ti ka ìbò tán ní ibùdó, wọ́n á lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á sì kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù EC8A: orúkọ ẹgbẹ́ ní ìsàlẹ̀ ara wọn, iye tí a fi nọ́ḿbà kọ, tí a tún fi ọ̀rọ̀ kọ, ìfọwọ́sí àwọn aṣojú ẹgbẹ́. Ẹ á rí ọwọ́ bíi mélòó kan tó na fóònù sókè láti yà á. Ibùdó tó ju 176,000 lọ la ní lọ́dún 2023. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún náà, ẹ̀rọ BVAS fi ìka àti ojú dá olùdìbò mọ̀, ó sì yẹ kí àwòrán fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan hàn lórí ìkànnì IReV lọ́jọ́ náà gan-an. Ti ìbò ààrẹ kò hàn bí wọ́n ti ṣèlérí, gbogbo ojú sì yí sí Abuja.

N kò fẹ́ ká yá ètò Amẹ́ríkà. Kí ìdájọ́ ìbò Láfẹ́nwá máà jìnnà sí Láfẹ́nwá ni mo fẹ́. Kí òfin wa sọ ọ́ gbangba pé iye tó wà lórí fọ́ọ̀mù ibùdó, tí àwọn aṣojú fọwọ́ sí lójú gbogbo ènìyàn, ló borí iye yòówù tí wọ́n bá kà níbòmíràn. Kí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta sì gbé gbogbo fọ́ọ̀mù ibùdó rẹ̀ kọ́ sí ìta, ibi tí ẹni tí kò ní dátà lè rìn dé, kí wọ́n wà níbẹ̀ títí ìbò mìíràn á fi dé.