Bí Iná Bá Dé Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kò Dé

Akẹ́kọ̀ọ́ lè lo ọdún mẹ́rin ní Yunifásítì Ìlọrin kó má mọ ọ̀nà COMSIT, ẹ̀ka tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ifásitì wa, orúkọ ló yàtọ̀. Láti 2015 tí JAMB ti pa ìdánwò orí bébà tì, tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kúrò ní ohun à ń fojú kéré: bí sáfà kan, kọ̀ǹpútà tó ń bọ́ àwọn yòókù, bá dákẹ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, iṣẹ́ gbogbo ọmọ tó jókòó síbẹ̀ dúró nìyẹn.

Linux, tó ní oríṣi bíi Debian, Red Hat àti Ubuntu, ni ọ̀pọ̀ sáfà ń lò. Àdírẹ́sì ẹ̀rọ àti ọ̀nà tí yóò gbà jáde wà nínú fáìlì lásán tí ẹ̀rọ náà máa ń kà bó bá ti ń jí. Lórí Debian, /etc/network/interfaces ni. Ti Red Hat àtijọ́ wà nínú /etc/sysconfig/network-scripts.

Ibẹ̀ ni wàhálà iná wa ti ń wọlé. Ọ̀gá ń pariwo, òṣìṣẹ́ fi àṣẹ ip tẹ àdírẹ́sì tuntun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáhùn lójú ẹsẹ̀, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Àdírẹ́sì yẹn kò dé inú fáìlì. Ọjọ́ tí iná bá lọ, tí bátìrì ínfátà náà sì tán, sáfà á jí bí ẹni tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Níbi tí iná kì í ti lọ, irú àléébù yìí lè fara pamọ́ fún ọdún kan. Lọ́dọ̀ wa, ó ṣòro kó pé ọ̀sẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n sọ pé oore ni àwọn oníná ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Àrá náà ò gbẹ́yìn. Bó bá ba káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ tí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀, Linux àtijọ́ lè pe tuntun ní eth1 nígbà tí fáìlì ṣì ń wá eth0. Red Hat Enterprise Linux 7, tó jáde ní 2014, ń sọ káàdì lórúkọ nípa ojú ihò tí wọ́n fi í sí, bí enp3s0. Ní 2017 ni Ubuntu gbé Netplan, ọ̀nà tuntun láti kọ irú fáìlì yìí, dé: táàbù kan ṣoṣo tó bá bọ́ síbi tó yẹ kí àlàfo wà, Netplan kò ní gba fáìlì náà nìyẹn.

Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ wo iná wínníwínní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn kó tó fọwọ́ kan fáìlì kankan. Bó bá tún un ṣe tán, yóò mọ̀ọ́mọ̀ pa sáfà, yóò tún un tan, lọ́jọ́ tí ìdánwò ò sí. Kì í sì í jókòó sílé ní Tánkẹ́ nílùú Ìlọrin ṣe é: bó bá fi SSH wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, tó wá pa ojú ọ̀nà tó gbà wọlé, ó ti ti ara rẹ̀ mọ́ta, ó di kó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì. Ìdí tí àṣẹ netplan try fi wúlò nìyẹn: bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ sí àtúnṣe náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 120, yóò dá ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà.