Ìṣáná Nínú Ẹrù Àbà

Àgbẹ̀ Ìgbẹ́tì tó bá ń lọ sùn ní àbà kì í fi ẹrù dídì ṣeré. Níbi tí ojú ò ti rí Òkè Ìyámọ̀pó mọ́, kò sí ìsọ̀ tó máa yà sí. Bó bá gbàgbé iyọ̀, ọbẹ̀ á kàn tẹ́ ni. Bó bá jẹ́ ìṣáná ńkọ́? Èlùbọ́ á wà nínú àpò, omi á wà nínú kèrègbè, ebi á sì pa á mọ́jú.

Ẹrù àbà ni fáìlì tí a ń dà sínú flash láti fi gbé Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, sórí kọ̀ǹpútà. Kernel wà nínú rẹ̀. Orúkọ tí òyìnbó ń pe èkùrọ́ náà nìyẹn, ó sì bá a mu: òun ni kóró tó ń bá kíbọ́ọ̀dù, ojú kọ̀ǹpútà àti Wi-Fi sọ̀rọ̀. Linus Torvalds ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1991. Lónìí, bí ọ̀sẹ̀ 9 tàbí 10 bá ti pé, tuntun dé nìyẹn, pẹ̀lú ìmọ̀ nípa àwọn ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọjà.

Àwọn tó ń di ẹrù yìí, bíi Arch, Debian àti Ubuntu, ò dì í bákan náà. Ọjọ́ kìíní oṣù ni Arch ń tún tirẹ̀ dì. Debian 12 gbé kernel 6.1 jáde ní oṣù kẹfà 2023, orí ẹ̀ ló sì wà tí Debian 13 fi gbé 6.12 dé ní oṣù kẹjọ 2025. Ubuntu 24.04 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6.8 ní oṣù kẹrin 2024. Ní oṣù kejì 2025, wọ́n fi 6.11 sínú ẹrù kan náà.

Ẹni tó ra láptọ́ọ̀pù tuntun, tó wá fi ẹrù ọdún méjì sẹ́yìn sí i, ìṣáná ló gbàgbé yẹn. Kernel tó mọ Wi-Fi rẹ̀ ń bẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Wi-Fi yẹn náà ni ìbá sì fi débẹ̀.

Ṣé kí gbogbo wọn wá máa tún un dì lóṣooṣù ni? Rárá o. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ wa, kernel àtẹ̀yìnwá sì ti mọ̀ wọ́n dáadáa. Fáìlì Ubuntu 24.04 sún mọ́ gígábáìtì 6. Ta ló fẹ́ máa ra dátà bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù ní Ìgbẹ́tì? Kernel tuntun a sì tún máa da ohun tó ń ṣiṣẹ́ rú nígbà mìíràn. Àmọ́ ọdún méjì ti pẹ́ jù. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà dáa lójú tèmi, kí wọ́n sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Láyé àtijọ́, bí iná bá kú ní àbà, àpáàdì ni wọ́n fi ń fọnná lọ́dọ̀ aládùúgbò. Àpáàdì tiwa ni okùn USB: ẹ fi so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, kí láptọ́ọ̀pù máa fa dátà fóònù. Kernel àtijọ́ mọ ìyẹn. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ tan Ubuntu láti orí flash, ẹ wò ó bóyá Wi-Fi ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ tó pa ohun tó wà lórí ẹ̀rọ yín rẹ́.